Ìgò Orí Agbọ́ná

Ọjọ́ Ajé, 4 Oṣù Kọkànlá

Tíṣà tuntun dójú tì mí lónìí níṣojú kíláàsì. Kánmọ́kánmọ́ ni mo sọ ọ́ — kì í rìn, eré ló máa ń sá. Àwọn ọmọ gbé sódà búrẹ́dì síná, kí gáàsì inú rẹ̀ lè jáde wọnú omi ẹfun, kó sọ ọ́ di funfun bíi mílíìkì. Omi ẹfun mọ́ kedere títí aago fi lù. Ó ní sódà ìfọṣọ ló wà nínú ìgò wa, pé ìyẹn kì í túká lórí iná lásán. Ó ní ẹni tó kọ orúkọ sára ìgò náà ò mọṣẹ́.

Ìyàwó mi ló kọ ọ́. Ó pé oṣù mẹ́rìnlá tó ti kú. Ogún ọdún la fi jọ ṣiṣẹ́ nínú láàbù yìí, èmi ń fọ ìgò, òun ń kọ orúkọ sí wọn; mi ò rí i kó kọ àṣìkọ rí. Inú bí mi débi pé ìgò kan ṣoṣo ni mo fọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5

Ọ̀rọ̀ náà ti dé etí ọ̀gá ilé ìwé. Wọ́n fẹ́ kó gbogbo ìgò tí Akọ̀wé kọ nǹkan sí dànù. (Akọ̀wé ni mo máa ń pe ìyàwó mi, torí ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ tó gún.) Mo bẹ̀bẹ̀. Wọ́n fún mi láyè di ọjọ́ Ẹtì láti wá ìdí rẹ̀.

Ọjọ́rú, 6

Abọ́ kan, ṣíbí kan. Èmi nìkan ni mo jẹun alẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 7

Mo rántí! Ìgò mẹ́ta ni Akọ̀wé rọ sódà sí lọ́jọ́ tó kọ orúkọ yẹn, láti inú páálí kan ṣoṣo. Méjì ṣì wà nísàlẹ̀, nínú yàrá ẹrù tó tutù. Mo gbé díẹ̀ síná. Kò pẹ́ rárá — omi ẹfun funfun báláú! Mo pariwo, "Akọ̀wé, o ò jẹ̀bi!"

Kí ló wá ṣe ìgò tòkè, tinú láàbù? Mo gbọ́wọ́ lé pẹpẹ tí ìgò náà wà. Ó gbóná. Abẹ́ rẹ̀ gan-an ni Agbọ́ná wà, ẹ̀rọ tí mo fi ń mú ìgò gbẹ, tó ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́. Díẹ̀díẹ̀ ni sódà náà ti ń túká, tí gáàsì ń yọ́ jáde lábẹ́ ìdérí, títí tó fi di sódà ìfọṣọ.

Ta ló gbé e síbẹ̀? Èmi ni. Lọ́sẹ̀ tí a sin ín. Mo fẹ́ máa rí ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ láti orí àga mi.

Ọjọ́ Ẹtì, 8

Mo lè di ẹ̀bi náà ru àwọn tó ta páálí fún wa. Mi ò ṣe bẹ́ẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀, àti ìdí tí mo fi gbé e síbẹ̀. Ojú tì mí. Ọ̀gá ní, "Bàbá, a ó kọ ọ́ sínú fáìlì yín." Wọn ò ní kó àwọn ìgò yòókù dànù mọ́.

Kánmọ́kánmọ́ dúró jẹ́ẹ́, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. "Ẹ má bínú, Bàbá. Ṣé kí n bá yín kọ orúkọ tuntun sí i?" Mo ní rárá.

Èmi ni mo kọ ọ́: SÓDÀ ÌFỌṢỌ. Ó wọ́. Mi ò ṣí bébà Akọ̀wé kúrò, orí rẹ̀ ni mo lẹ tèmi mọ́. Mo gbé ìgò náà lọ sísàlẹ̀, síbi tó tutù.

Mo padà wá jókòó sórí àga mi. Pẹpẹ ṣófo. Mi ò mọ ibi tí mo fẹ́ wò.