Ọṣẹ Tó Wà Lábẹ́ Ibùsùn Mi

Ọmọ mi àtàtà,

Bó bá jẹ́ òwúrọ̀ ni lẹ́tà yìí bá ọ ní ìlú ńlá yẹn, mo ní ṣé o jíire. Bó bá jẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni, mo ní o kú ìrọ̀lẹ́. Ara mi le, ọkàn mi ni kò le. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí o ṣí lẹ́tà yìí níṣojú àwọn ẹgbẹ́ rẹ, torí ohun tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ohun téèyàn ń kà sókè.

Ìròyìn ilé ò pọ̀. Ewúrẹ́ ẹ̀yìnkùlé ti bí méjì. Bíríkìlà tí mo fẹ́ ní kí n kí ọ. Ojú ṣì ń tì mí láti kọ “ọkọ mi” sínú lẹ́tà sí ọmọ mi, oṣù mẹ́ta péré náà ṣì ni. Ó máa ń pè mí ní Ìyàwó níwájú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, èmi á sì dorí kodò bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nílẹ̀. Ó ti kọ́ yàrá wa tán, ó ku ilẹ̀kùn, kọ́tìnnì la ṣì fi bo ẹnu ọ̀nà. Ó kó owó ilẹ̀kùn náà lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n yan èyí tó bá wù mí. Kò sẹ́ni tó sọ irú ẹ̀ fún mi rí.

Owó yẹn ni mo fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Nígbà tí fọ́ọ̀mù iléèwé yín dé, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á. Ó ní ẹ máa lo ọjọ́ mẹ́wàá nínú àgọ́, ní ìta kíláàsì, láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń dá òwò sílẹ̀. Ọmọ mi, ìwé mẹ́rin péré ni mo kà, ṣùgbọ́n mo mọ ẹni tí wọ́n ń lé sí ìta kíláàsì. Ọmọ tí kò sanwó iléèwé ni. Èmi náà ti jókòó sábẹ́ fèrèsé rí, tí mò ń gbọ́ ìṣirò láti ìta. Mo rò pé owó tí mo san ló dín, tí wọ́n wá fi ọ̀rọ̀ dídùn kọ ọ́ kí ojú má baà tì wá. Wọ́n ní kí òbí fọwọ́ sí i pé òun gbà. Mo fọwọ́ sí i, mo sì kọ “ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú” sábẹ́ rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kejì, ìyàwó télọ̀ gbé fóònù rẹ̀ wá, mo sì rí àwòrán rẹ tí wọ́n yà láàárọ̀ ọjọ́ náà nínú rẹ̀, nínú oòrùn, ní ibùdókọ̀, àtẹ ọṣẹ lórí rẹ. Èmi tí mo kiri ọjà fún ọdún mọ́kànlá kí ìwọ má baà kiri. Mo bẹ̀ ẹ́ kó da fóònù náà dojú dé kí oòrùn yé pa ọ́. Ó rẹ́rìn-ín. Mo ní kó ṣáà dà á dé.

Bí mo ṣe lọ bá Díẹ̀díẹ̀ nìyẹn, awakọ̀ tó ń bá wa kó ẹrù, tí kì í sáré. Mo kó owó ilẹ̀kùn fún un, mo ní kó lọ ra gbogbo ọṣẹ yẹn tán kí wọ́n lè jẹ́ kí o wọlé padà sí kíláàsì. Ó ní o mọ ojú òun, òun á rán ẹlòmíì. Àwọn alábàárù méjì tó ra mẹ́wàá mẹ́wàá, obìnrin olómi tó ra méjìlá, mẹkáníìkì tó ra méje, owó ilẹ̀kùn mi ló wà lọ́wọ́ gbogbo wọn.

Àṣé bẹ́ẹ̀ kọ́ lọ̀rọ̀ rí. Lẹ́tà rẹ dé lánàá. O ní gbogbo yín pátá ni iléèwé kó lọ, pé ọwọ́ yín lẹ fi ṣe ọṣẹ náà, kẹ́ ẹ tó tà á kẹ́ ẹ lè mọ bí òwò ṣe ń rí lára. O ní ìwọ lo kọ́kọ́ tà tán, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ọ, olùkọ́ ní òwò wà lẹ́jẹ̀ rẹ. Mo rẹ́rìn-ín níbẹ̀ yẹn. Ìgbà tí mo wá kà á débi tó o ti ní o fẹ́ fi ìwé sílẹ̀ ní òpin táàmù yìí, pé o fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù, pé àwọn oníbàárà rẹ ń dúró dè ọ́, mo dìde lọ wá bíírò àti ìwé.

Ọmọ mi, kò sí oníbàárà tó ń dúró. Èmi ni wọ́n. Ọṣẹ rẹ wà lábẹ́ ibùsùn mi nínú páálí méjì. Gbogbo yàrá ń ta sánsán, bíríkìlà ní òun ò rí obìnrin tó mọ́ tó báyìí rí, ó sì ń bi mí bóyá mo ti rí ilẹ̀kùn tó wù mí. Mo ní mo ṣì ń wò ó.

Bí mo bá dákẹ́, wàá tìtorí ọṣẹ tí ìyá rẹ rà fi ìwé sílẹ̀. Bí mo bá sọ ọ́, mo ti gba àtẹ́wọ́ yẹn lọ́wọ́ rẹ. Mo ti fa lẹ́tà méjì ya ṣáájú èyí. Dárí jì mí.

Ṣùgbọ́n gbọ́. O ní ogójì lo gbé jáde. Mo ti to ti abẹ́ ibùsùn sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, mọ́kàndínlógójì ni. Mo bi Díẹ̀díẹ̀ bóyá ó mú ọ̀kan, ó búra pé òun ò mú un. Ó ní nígbà tí àwọn èèyàn òun fi máa débẹ̀, o ti ta ọ̀kan fún ìyá àgbà kan tí òun ò mọ̀ rí, o ń wá ṣéńjì fún un. Èyí yẹn, èmi kọ́ ni mo rà á. Ìwọ lo tà á.

Jọ̀ọ́, padà sí kíláàsì. Bí owó ọjà bá ṣì wà lọ́wọ́ rẹ, fi rán Díẹ̀díẹ̀ sí mi kí n fi ra ilẹ̀kùn, kí ọkùnrin yìí tó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ibùsùn. Bí iléèwé bá ti gbà á, ó tán. Ṣùgbọ́n owó ọṣẹ kan yẹn, bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yọ ọ́ fún ọ, kó o fi ránṣẹ́. Mi ò ní fi ra ilẹ̀kùn. Mi ò ní fi ra nǹkan kan.

Ọlọ́run tó darí ìyá àgbà yẹn sọ́dọ̀ rẹ á darí irú rẹ̀ tó pọ̀ sí ọ, lẹ́yìn tí o bá kàwé tán. Wàá pẹ́ láyé, ojú ò ní tì ọ́.

Èmi ìyá rẹ ni, tó ra mọ́kàndínlógójì.