Ààyè Tí Wọ́n Ń Gbá Dè Mí

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́. Ohùn yín lórí rédíò ló ń bá mi gbélé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Oúnjẹ adìyẹ ni mò ń lọ̀ tà. Nígbà tí àwa tí a ní ẹ̀rọ ìlọ̀ fẹ́ kóra jọ sínú ọgbà kan, mo kọ̀. Ẹ̀rù bà mí pé wọ́n á mọ bí mo ṣe ń po tèmi. Ní báyìí, ọ̀dọ̀ wọn ni gbogbo oníbàárà ń lọ.

Bẹ́líìtì ẹ̀rọ mi já lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ yá òmíràn nínú ọgbà wọn. Mo rí ààyè kan tó ṣófo, tí wọ́n gbá mọ́ tónítóní.

Alága wọn ní, "Tiyín ni, Bàbá Oníyèméjì. Ọdún kẹta rèé tí a ti ń gbá a."

Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé àánú mi ló ń ṣe wọ́n, àbí wọ́n fẹ́ mi lóòótọ́? Mo ti tú nọ́ọ̀tì tó de ẹsẹ̀ ẹ̀rọ mi mọ́lẹ̀. Ẹ tètè dáhùn, kí n má baà tún dè é padà.