Àkọlé tí mo fi ọ̀dà pa rẹ́

Olóòtú wa, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Bàrígà ni mo ń gbé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ mi pamọ́.

Èmi àti àbúrò mi ọkùnrin fẹ́ ta ilé tí bàbá wa fi sílẹ̀ ní Ṣómólú. Kí n má baà sanwó fún pẹ́ńtà, èmi fúnra mi ni mo fọ ògiri, tí mo sì kùn ún. Àbúrò mi ní kí n má fọwọ́ kan àkọlé "Ilé yìí kì í ṣe fún títà" tó kọ síwájú ilé nítorí àwọn gbájú-ẹ̀. Mo rò pé kò fẹ́ kí n fi ọ̀dà ṣòfò ni. Nígbà tí ọ̀dà ṣẹ́ kù, mo kùn ún.

Kò tíì gbẹ tí ìyá kan fi dé, tó ń rẹ́rìn-ín. "Bọ̀dá pẹ́ńtà, ẹ kú iṣẹ́ o! Ẹ bá mi kun ilé mi kó dán o."

"Ilé yín kẹ̀, mà?"

"Mo ti sanwó ẹ̀ láti èṣí. Ẹni tó tà á fún mi ní tí wọ́n bá ti pa àkọlé iwájú ilé yẹn rẹ́, kí n máa kó bọ̀."

Ó pe ẹni tó tà á fún un lórí fóònù. Ohùn àbúrò mi ni mo gbọ́: "Ẹ ní sùúrù, Màmá, àkọlé yẹn ṣì wà níbẹ̀."

Ara mi ò tíì balẹ̀ títí di báyìí. Sátidé ni ẹni tó fẹ́ ra ilé lọ́wọ́ wa ń bọ̀. Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n sọ òtítọ́, kí ọlọ́pàá wá mú àbúrò mi, àbí kí n tún àkọlé náà kọ?