Oríkì Tí Ìyá Ń Pe Ara Wọn

Sátidé, ìrọ̀lẹ́. Ọ̀yọ́.

A ti dé láti Ògbómọ̀ṣọ́, ṣùgbọ́n ohùn ìyá ọkọ mi ò kúrò létí mi.

Láàárọ̀, Ìyá kúnlẹ̀ níwájú Bàbá, wọ́n kì wọ́n títí orí Bàbá fi wú. Bàbá gba àkàrà, wọ́n ní iyọ̀ rẹ̀ ò tó, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ìtàn ara wọn. Wọn ò béèrè orúnkún tó ń dun Ìyá. Ọkọ mi jókòó tì wọ́n, òun náà ń ròyìn ara ẹ̀. Ọmọ jọ baba.

Mo tẹ̀lé Ìyá lọ sí kíṣìnì láti bá wọn fọ abọ́. Ẹnu ọ̀nà ni mo ti gbọ́ ohùn wọn: "Àbẹ̀kẹ́, o kú iṣẹ́. Àbẹ̀kẹ́ mi, orúnkún ńkọ́? Pẹ̀lẹ́."

Kò sẹ́lòmíì níbẹ̀. Àbẹ̀kẹ́ ni oríkì tiwọn.

Nígbà tí wọ́n rí mi, wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó mi, ìyá mi ló ń fi í kẹ́ mi. Látìgbà tí mo ti wọlé ọkọ yìí, ẹnì kan ò pè é. Ṣé kí n wá jẹ́ kó kú ni?"

Ẹ gbà mí, obìnrin rèé! Wọ́n ń kẹ́ ọkọ, wọn ò sì jẹ́ kí ìkẹ́ tán fún ara wọn.

Màá ra róòbù fún orúnkún yẹn.

Orí ti ń fọ́ mi láti Takie, ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́hùn-ún. Bí òun ṣe mọ ọkọ̀ wà lọkọ mi ń sọ títí a fi délé. Mo wọ yàrá, mo ti ilẹ̀kùn, mo pe oríkì tèmi.

"Àjọkẹ́, pẹ̀lẹ́."

Ó dà bíi pé àlejò ni mò ń kí. Mo tún un pè.