Ẹja Òṣùpá Tí Bọ́lájí Gbé Dání

Agboolé Ṣówándé,
Olówógbowó,
Ìsàlẹ̀ Èkó.
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Keje, ọdún 2024.

Khairiyyah, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, ìyá ọkọ ńkọ́, ṣé ará Ìlọrin ń tọ́jú rẹ? Ìkókó ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí o sùn? Ara àwa náà le, ọkàn mi nìkan ni kò fìdí kalẹ̀. Má bínú pé ìwé ni mo kọ. Ojoojúmọ́ ni Màámi ń gba fóònù mi láti wo àwòrán Bọ́lájí, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n rí ọ̀rọ̀ yìí níbẹ̀.

O ṣáà mọ̀ pé látìgbà tí òkun ti gbé bàbá wa lọ ni Màámi ti ní kí Bọ́lájí ẹ̀gbọ́n mi fi Bíbélì búra pé òun ò ní ṣiṣẹ́ lójú omi láéláé. Lóṣù Karùn-ún, ó dágbére fún wa pé òun ríṣẹ́ ní Wàrí, níbi tí wọ́n ń kó ẹja oníyìnyín pamọ́ sí. Lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ló fi àwòrán kan ṣoṣo ránṣẹ́: òun àti ẹnì kan gbé ẹja rìbìtì kan dání, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ẹja òṣùpá nìyẹn. Látìgbà náà, nọ́ńbà rẹ̀ ò lọ mọ́.

Inú mi kọ́kọ́ dùn; ojú Bọ́lájí ni mo ń wò, mi ò wo ẹja náà dáadáa. Ẹja òṣùpá tí èmi mọ̀, ìyẹn pẹlẹbẹ tó ń dán, tí iwájú orí rẹ̀ ga, tí Màámi máa ń yan tà, ẹja etí òkun ni. Láti Sẹ̀nẹ̀gà títí dé Àǹgólà ni wọ́n ti ń pa á, ọmọ rẹ̀ a tiẹ̀ máa wọ inú ọ̀sà. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi ò jìnnà nìyẹn. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún Màámi, wọ́n kàn mi orí ni.

Àfi ìgbà tí mo fi han Ọ̀gbẹ́ni Sámúẹ́lì, tíṣà tó ń kọ́ni nípa ẹja, tí ilé wa jọ kọjú síra. Wọ́n ní ẹja òṣùpá kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo. Tiwa ní ìbátan létí òkun Bùràsílì, òmíràn wà lọ́nà Peru. Ṣùgbọ́n èyí tó fẹ̀ tó àtẹ Màámi yìí, tí lẹbẹ rẹ̀ pupa, tí àmì funfun wà káàkiri ara rẹ̀, kò bá wọn tan rárá. Agbami nilé tirẹ̀, níbi tí omi ti jìn.

Ọmọ ẹlẹ́ja wá fi àwòrán ẹja tú àṣírí ara rẹ̀. Khairiyyah, mi ò lè jókòó mọ́. Mo ń rìn lọ sí òpópónà Adéníji Adélé láìní ohun tí mo fẹ́ rà níbẹ̀. Inú ń bí mi sí i, ẹ̀rù sì ń bà mí nítorí rẹ̀. Bí mo bá sọ fún Màámi, ẹ̀jẹ̀ ríru wọn ńkọ́? Bí mi ò bá sì sọ, tí nǹkan wá ṣe é ńkọ́? Mo bá panu mọ́.

Lánàá ni Màámi ti ọjà dé, wọ́n gbé ọ̀rá kan lé mi lẹ́sẹ̀. Súwẹ́tà tó nípọn ló wà níbẹ̀. Mo bi wọ́n pé ta ló ni ín. Wọ́n ní ti Bọ́lájí ni, tó bá ti pè, kí n bi í ní èbúté tí ọkọ̀ ojú omi wọn máa gúnlẹ̀ sí, pé òtútù ń mú lójú agbami.

Ọjọ́ tí àwòrán dé ni wọ́n ti mọ̀. Wọ́n ní ọgbọ̀n ọdún tí àwọn fi ń gba ẹja létí omi, irú ẹ̀ ò dé ọwọ́ àwọn rí. Ẹja tí kì í wá sí èbúté, èèyàn ló lọ bá a. Wọ́n rí bí inú mi ṣe dùn, wọn ò fẹ́ bà á jẹ́. Mo bi wọ́n pé ìbúra Bọ́lájí wá ńkọ́. Wọ́n ní àwọn ti bẹ Ọlọ́run kó tú u.

Bá mi kí gbogbo ilé, kí o fẹnu ko ìkókó lẹ́nu fún mi. Tí o bá kírun, jọ̀ọ́, dárúkọ Bọ́lájí. Súwẹ́tà náà ṣì wà lórí àga rẹ̀, Màámi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó síbẹ̀.

Èmi ni tìrẹ tí ara rẹ̀ ò balẹ̀,
Adéníkẹ́.