Má Fi Ọmọ-Ọmọ Mi Parí Iyàn

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ o. Àdúrà mi ni pé kí ara rẹ le, pàápàá etí rẹ méjèèjì, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi máa gbà wọlé. Ara èmi náà le. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ lẹ́tà yìí. Kíláàsì àgbà tí ẹ fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ mi ti so èso.

Láti ìjẹta tí o ti lọ wá gbọ̀ngàn ìjà, ọ̀rọ̀ yìí ń rí mi lára. Mo bá ọmọ rẹ obìnrin ní yàrá ẹ̀yìn, ó ń fi omi ti búrẹ́dì sọ́fun tipátipá. Kò pẹ́ ló bì í sórí ìwé kíláàsì mi. Ó ní, "Màmá àgbà, Dádì ní ó ku kílò mẹ́jọ kí wọ́n tó lè gbà kí n bá ọmọ onígbàjámọ̀ jà."

Òun ló ròyìn ìyókù. Ẹ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, ẹ ń jiyàn ta ló ga jù nínú àwọn abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò àtijọ́: bàbá rẹ, Eegun Ẹja, tí kò ju kílò mẹ́tàdínlọ́gọ́ta lọ, àbí Àgbá, tó ju ọgọ́rùn-ún lọ. Onígbàjámọ̀ ní ká ní wọ́n pàdé ni, ráúndì kan ni Àgbá ì bá fi ká bàbá rẹ mọ́lẹ̀. Inú bí ọ, o ní kí ọmọ rẹ na ọmọ tirẹ̀ tó sanra jù ú lọ, kí ayé lè rí i. Tùú! Àgbàlagbà méjì! Kékeré ni abẹ́rẹ́, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ṣùgbọ́n ta ní ń fi abẹ́rẹ́ gé igi?

Wọ́n sì ti pàdé rí. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n. Àgbá ló máa ń di àpò ìkànṣẹ́ mú fún bàbá rẹ. Irú iyàn yìí ni àwọn èèyàn fi tì wọ́n, wọ́n tilẹ̀kùn jíìmù, wọ́n wọ ìbọ̀wọ́. Ẹ̀ṣẹ́ mẹ́rìndínlógún ni bàbá rẹ kàn án kí Àgbá tó kan ẹyọ kan. Ẹyọ kan náà ló di etí òsì bàbá rẹ. Ṣé o rántí pé ẹ̀ẹ̀mejì lo máa ń pè é kó tó dáhùn? Etí tí o fi ń yangàn pé ìjà ife-ẹ̀yẹ ló mú un lọ, iyàn lásán ló mú un lọ. Ìtìjú ni kò jẹ́ kó sọ. Àgbá sunkún jù mí lọ. Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá bi bàbá rẹ pé ta ló ga jù, á ní, "Ẹni tó ń béèrè ni kó wọ ìbọ̀wọ́."

Ìjà ò dọlà, orúkọ ní ń sọni. Bàbá rẹ ti lórúkọ. Kò ní kí ọmọ-ọmọ òun fi etí ra òmíràn kún un.

Mo jókòó lé ìbọ̀wọ́ ọmọ náà bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Ìgbà tó bá fẹ́ bá ẹgbẹ́ rẹ̀ jà, màá dìde, màá sì pariwo ju gbogbo yín lọ.

Kí Ọlọ́run fún ọ ní ọgbọ́n tó wúwo ju ẹ̀ṣẹ́ lọ. Wàá dàgbà, wàá dogbó, ọmọ á pè ọ́ lẹ́ẹ̀kan, wàá sì gbọ́.

Èmi ni ìyá tó bí ọ,
Ìyàwó Eegun Ẹja.

Ọ̀rọ̀ tó kù: Mo gun òṣùwọ̀n tí o fi ń wọn ọmọ rẹ láàárọ̀ yìí. Kílò mọ́kànléláàádọ́rin ni mí, bíi tìẹ gẹ́lẹ́. Bí o bá ń bọ̀ wá gba ìbọ̀wọ́ nídìí mi, kò sí iyàn níbẹ̀: ẹgbẹ́ ni wá.