Ẹni Tó Lajú Nígbà Àdúrà

Yàrá Àwọn Olùkọ́,
Ilé-Ìwé Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti Ìjọ,
Ẹ̀yìn Ilé Ìjọsìn.
Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹta.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Pẹ̀lú ọkàn wúwo ni mo fi ń túfọ̀ ikú fèrè mi fún ọ. Ọjọ́ Ajé ló ṣẹlẹ̀, lórí pápá, níwájú kíláàsì kẹrin. Mo fọn ọ́n, afẹ́fẹ́ lásán ló jáde. Mo tún un fọn, hóró kékeré tó máa ń jó nínú rẹ̀ fò jáde, ó sì wọ inú koríko lọ. A wá a títí, a kò rí i. Kò sí ẹbí tó yọjú. Èmi nìkan ni mo ṣọ̀fọ̀.

Ìwọ ńkọ́, ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ara ìyàwó le? Ọmọ tuntun ńkọ́, ṣé ó ti ń gbà kí ẹ sùn? Ṣé ẹsẹ̀ Màmá ti fúyẹ́ díẹ̀? Mo gbọ́ pé iná ti dé ṣọ́ọ̀bù rẹ. Ọlọ́run á jẹ́ kó pẹ́ ju ìlérí àwọn tó fà á lọ. Èmi náà wà láyé, àmọ́ n kò lè jókòó. Láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí, mo ti dìde lọ wo ilẹ̀kùn ọ́fíìsì ọ̀gá wa, mo ti padà, mo sì tún ti dìde. Ibi tí o bá ti rí ìlà tó wọ́, ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ìró ẹsẹ̀.

O mọ̀ pé ilẹ̀ wíwọ̀n ni mo kọ́ ní pólì. Kánfáàsì tí mo wọ̀ lọ síbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ló sọ mí di olùkọ́ eré ìdárayá. Wọ́n ní ẹsẹ̀ mi ti ṣe tán. Ilẹ̀ kan ṣoṣo tí mo ń wọ̀n báyìí ni pápá eré, ẹfun ni mo sì fi ń sàmì sí i.

Àdúrà ni a fi ń bẹ̀rẹ̀ eré ìdárayá níbí, ohun tó dára sì ni. Àmọ́ òfin kan wà nídìí rẹ̀: ọmọ tó bá lajú nígbà àdúrà kò ní bá wọn ṣeré lọ́jọ́ náà. Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì kẹrin, adití ni láti ìgbà tí wọ́n ti bí i. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é ní Alákàn, nítorí pé ojú ló fi ń ṣọ́ orí. Bí Alákàn bá dijú, kò sí bó ṣe máa mọ̀ pé a ti ṣe Àmín. Nítorí náà ó máa ń lajú lójoojúmọ́, òfin a sì mú un lójoojúmọ́. Láti kíláàsì kejì ló ti ń jókòó sábẹ́ igi, tó ń ṣọ́ báàgì àti bàtà àwọn tó ń sáré. Mo béèrè ìdí tí ẹnì kan kò fi lè di ọwọ́ rẹ̀ mú, kó tẹ̀ ẹ́ tí a bá ṣe Àmín. Wọ́n ní òfin kejì ni pé a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹnìkejì lásìkò àdúrà.

Lọ́jọ́ tí fèrè kú yẹn, mo ní kí àwọn ọmọ máa wo ánkáṣíìfù mi. Tó bá ti balẹ̀, kí wọ́n gbéra. Ó balẹ̀, wọ́n gbéra. Kí n tó mọ̀, ẹnì kan ti gbéra láti abẹ́ igi. Báàgì ẹlòmíràn wà lẹ́yìn rẹ̀, bàtà ẹlòmíràn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ipò kẹta ló gbà. Ẹni tó ni bàtà ló gba ìkẹrin. Àwọn ọmọ gbé e sókè, wọ́n ń pariwo. Ó ń wo ẹnu wọn bí ẹni tó ń wo òjò láti ojú fèrèsé. Mo fi orúkọ rẹ̀ kún ti àwọn tó máa sáré lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, nígbà tí àwọn òbí máa wá wòran.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ tán tí ọ̀rọ̀ fi dé. Igbákejì ọ̀gá wa, obìnrin tó lè gbọ́ ìró bisikíìtì nínú àpò ọmọ, ní ẹni tó lajú kò gbọdọ̀ sáré. Ó ní òun kò bá etí ọmọ náà jà. Òfin kò mojú ẹnikẹ́ni. Jórinjórin ni bàbá Alákàn. Ó wá pẹ̀lú awò dúdú iṣẹ́ rẹ̀ lórí, ó ní bí ọmọ òun kò bá sáré lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, kí a má wá a ní kíláàsì lọ́jọ́ Ajé. Ó ní báàgì wà ní ṣọ́ọ̀bù òun náà, ó lè máa ṣọ́ ìyẹn láìsan owó ilé-ìwé.

“Ọmọ yín la ojú kalẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ àdúrà títí dé Àmín,” ni igbákejì wí. “Ojú mi báyìí ni mo fi rí i.”

“Ẹ rí i, mà?”

“Kedere.”

“Nígbà tí ẹ̀yin náà dijú?”

Olùkọ́ kíláàsì kìn-ín-ní bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́. Èmi ń wo àjà.

“Èmi ń ṣọ́ wọn ni,” ni igbákejì dáhùn. “Bí gbogbo wa bá dijú, ta ló máa mọ ẹni tó lajú?”

“Òun náà ń ṣọ́ yín ni, mà. Bí òun náà bá dijú, ta ló máa sọ fún un pé ẹ ti parí?”

Ọ̀gá wa ní òun máa gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sínú àdúrà. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìyẹn, ọ̀rọ̀ náà kò sì tíì jáde. Láàárọ̀ yìí, Alákàn fúnra rẹ̀ wá síwájú tábìlì mi. Ó nàka sí àyà ara rẹ̀, ó fi ìka méjì sáré lórí tábìlì, ó wá gbójú sókè. Mo ṣe bí ẹni tó ń wá bírò. Ó dúró. Mo wá bírò náà títí tí agogo fi lù, tí ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan sì wá fà á lọ. Bírò náà wà lọ́wọ́ mi.

Dúró ná. Wọ́n ti ṣí ilẹ̀kùn.

Mo ti padà dé. Ọ̀gá wa bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní kí ọmọ náà máa la ojú rẹ̀ gbàdúrà, nítorí Ọlọ́run tí à ń gbàdúrà sí kì í dijú. Kó sáré. Igbákejì ní bí òun náà ti ṣe rò ó látilẹ̀ nìyẹn. Mo sáré lọ sí kíláàsì kẹrin, mo fi ìka méjì sáré lórí tábìlì Alákàn, mo gbé àtàǹpàkò sókè. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, láti mọ̀ bóyá orí olùkọ́ ṣì pé. Nígbà tó dá a lójú, ó bọ́ bàtà rẹ̀ méjèèjì, ó gbé wọn fún mi kí n máa bá a ṣọ́ wọn.

A ti ránṣẹ́ sí jórinjórin. Ó yẹ kí ara mi balẹ̀ báyìí, àmọ́ wọ́n ní igbákejì ló ń kọ ìkéde ọjọ́ Àbámẹ́ta, n kò sì tíì lè jókòó.

Bá mi kí ìyàwó, kí o bá mi gbé ọmọ jó. Sọ fún Màmá pé mò ń jẹun. Kí wọ́n má wo fọ́tò mi. Àwọn ọ̀rẹ́ wa tó bá béèrè mi, sọ fún wọn pé ìwé ẹ̀rí mi wà láìfaragbọgbẹ́, n kò tíì lò ó.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí ìdí rẹ̀ kò gba àga,
Ọ̀pá-Iná.

Wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn. Mo dà á kọ fún ọ bó ṣe wà:

ÌKÉDE PÀTÀKÌ

Inú àwọn aláṣẹ ilé-ìwé yìí dùn láti kéde pé gbogbo ọmọ, láìyọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, ló ní àǹfààní láti sáré lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn ni a ó fi pe orúkọ àwọn sárésáré, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a ó sì pè é. Ọmọ tí a bá pè tí kò dáhùn ti pàdánù àyè rẹ̀. A kò ní gba àwáwí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá ní òun kò gbọ́.